Ìwà Ajá àti Bí Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Tún Un Ṣe: Láti Igbó Ọdẹ Òkè-Ògùn dé Yàrá Ìwádìí

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwà ìṣòro lára ajá ilé ni ìṣekíṣe tó bá ń ni olówó ajá tàbí aládùúgbò lára, ìbáà jẹ́ gbígbó láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, bíbu àlejò jẹ, lílé ewúrẹ́, jíjí ẹran inú ìkòkò, tàbí kí ajá máa gbọ̀n kó sì máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn nígbà tí àrá bá ń sán. Ọ̀rọ̀ náà "ìṣòro" fúnra rẹ̀ gba àlàyé, nítorí pé ènìyàn ló sábà máa ń jẹ́ ìṣòro fún. Ní ti ajá, gbígbó jẹ́ iṣẹ́, lílé ohun tó bá ń sá jẹ́ àdámọ́, bíbunijẹ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà ìkẹyìn tó kù fún un láti fi hàn pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìtàn ìmọ̀ yìí jẹ́ ìtàn bí ìbéèrè ṣe yí padà, láti orí bí a ó ṣe borí ajá dé orí ohun tó ń ṣe ajá àti ohun tó ń rí gbà nínú ìwà tó ń hù, ilẹ̀ Òkè-Ògùn sì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Tẹ̀dé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí kò jìnnà sí Ṣakí, níbi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọdẹ ti jọ ń rìn láti ìgbà láéláé. Ajá ọdẹ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ló ń gbóòórùn ọ̀yà nínú koríko tó ga ju ènìyàn lọ, òun ló ń lé ehoro àti ẹtu jáde sí gbangba, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ló sì ń sọ ibi tó wà fún ọdẹ tí ojú rẹ̀ kò tó o mọ́. Òwe tó sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá Yorùbá ti fi ìró kan kọ́ ajá láti padà wá, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé kankan nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n ó fi ojú tí wọ́n fi ń wo ajá hàn pẹ̀lú: bí ajá kò bá dáhùn, ajá àti orí rẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ wọn, kò kan fèrè náà rárá, kò sì kan ẹni tó ń fọn ọ́n.

Hugh Clapperton, ọ̀gágun ojú omi ọmọ Skọ́tíláǹdì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tó sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá dé Katunga, ìyẹn Ọ̀yọ́ Ilé, ní oṣù kìíní ọdún 1826, ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ajá lójú ọ̀nà yìí. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kọ ọ́ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ajá, wọ́n ń so ọ̀já aláràbarà tí wọ́n to owó ẹyọ sí mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń jókòó ti olówó rẹ̀, ó ń bá a ròde, ó sì jọ pé ọmọdékùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rí yìí níye lórí gidigidi, nítorí pé ó dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa fi ojú rere wo ajá. Kò sì tọ́ kí a fi ìhà kejì pa mọ́: ajá ni wọ́n ń fi bọ Ògún, ọ̀pọ̀ ajá ló ń jẹ ẹgba lójoojúmọ́, àwọn kan sì gbàgbọ́ títí di òní pé ata tí a bá fún ajá jẹ tàbí ẹ̀wọ̀n tí a so ó mọ́ tọ̀sán tòru ni yóò jẹ́ kó rorò tó bó ṣe yẹ. Ọ̀wọ̀ àti ìnira ti jọ ń gbé agbo ilé kan náà tipẹ́.

Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ìmọ̀ ìwà ajá ti kọ́kọ́ wọ yàrá ìwádìí. Ivan Pavlov, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, rí i pé itọ́ ajá máa ń dà kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ̀ rárá, bó bá ṣe pé ó ti gbọ́ ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ó pe èyí ní ìdáhùn àkọ́mọ́ra, ìyẹn ni pé ara fúnra rẹ̀ kọ́ láti so ohun méjì pọ̀ láìjẹ́ pé ajá pinnu bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìwà ìṣòro jinlẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé bí itọ́ bá lè dà nítorí ìró, ẹ̀rù náà lè dìde nítorí ìró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1924, omi ya wọ ìlú Leningrad, ó sì bo ilé àwọn ajá Pavlov débi pé orí wọn nìkan ló kù lókè kí àwọn òṣìṣẹ́ tó yọ wọ́n. Lẹ́yìn ìyọnu náà, àwọn kan lára wọn gbàgbé ohun tí wọ́n ti kọ́, omi díẹ̀ tó bá ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn sì tó láti kó ìpayà bá wọn lẹ́yìn tí ewu ti kọjá lọ. Ajá tí àwọn ará ilé rò pé ó kàn ń ya òmùgọ̀ nígbàkigbà tí òjò bá ṣú lè jẹ́ ìbátan àwọn ajá Leningrad wọ̀nyí.

Edward Thorndike ti ṣe apá kejì iṣẹ́ náà ní New York ní 1898, nígbà tó ti ológbò àti ajá mọ́ inú àpótí tí wọ́n ní láti wá ọ̀nà jáde nínú rẹ̀, tó sì rí i pé ìṣe tó bá yọrí sí ohun dídùn ni ẹranko máa ń tún ṣe. Ó bani nínú jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà yìí ni àwọn olùkọ́ ajá tẹ̀ lé. Ìwé tí Konrad Most, ọ̀gá ọlọ́pàá ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde ní 1910 ló jọba lórí iṣẹ́ wọn: ó mọ̀ pé èrè àti ìyà ni ajá fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ó gbé agbára lé iwájú, ó sì ní ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ajá mọ̀ pé òun ló lágbára jù. Ogun Àgbáyé méjèèjì sọ ọ̀nà ológun yìí di ọ̀nà gbogbo ayé. B. F. Skinner, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé pàtàkì rẹ̀ ní 1938, fi hàn pé èrè kékeré tó dé lásìkò lè mọ ìwà tó díjú ní ìpele ìpele. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Marian àti Keller Breland, fi ọ̀nà náà kọ́ oríṣiríṣi ẹranko láìlo pàṣán, ṣùgbọ́n ní 1961 wọ́n fi òtítọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdámọ́ ẹranko máa ń borí ẹ̀kọ́ nígbà mìíràn, ìjẹ́wọ́ tó ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́ ajá ọdẹ.

Àṣìṣe tó pẹ́ jù lọ nínú ìtàn yìí wá láti ara ìkookò. Ẹranko tí Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀ nínú igbó tiwọn yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òtútù tí à ń sọ níhìn-ín, èyí tó jẹ́ ìbátan ajá gan-an. Ní 1947, Rudolf Schenkel kọ ìròyìn nípa àwọn ìkookò tó wà nínú ọgbà ẹranko ní ìlú Basel, níbi tí wọ́n ti kó wọn pọ̀ sínú ọgbà kan, ó sì rí i pé wọ́n ń jà du ipò aṣáájú. Láti inú rẹ̀ ni èrò kan ti tàn kálẹ̀ pé gbogbo ajá tó bá kùn tàbí tó bá gun àga ń wá bí yóò ṣe gba ipò olówó rẹ̀, àti pé kí ènìyàn dà á dojú sókè kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tẹrí ba. David Mech, tí ìwé rẹ̀ ti 1970 wà lára àwọn tó gbé èrò náà kiri, ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u ká ní 1999, lẹ́yìn tó ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ àwọn ìkookò tó wà lómìnira ní erékùṣù Ellesmere, tó sì rí i pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2008 pé kí wọ́n má ṣe fi èrò ìjọgàba tún ìwà ajá ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ ajá ló ti jẹ ìyà àṣìṣe yìí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ajá sì ti bù jẹ nítorí pé ẹni tó ní ọwọ́ náà ń tẹ ajá tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tó wúlò jù fún ilé tí wọ́n ti ń sin ajá ni èyí tí John Paul Scott àti John Fuller tẹ̀ jáde ní 1965, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń tọ́ ẹ̀yà ajá márùn-ún ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine, tí Basenji, ajá tó wá láti igbó Kóńgò tí kì í sì í gbó bí àwọn yòókù, wà lára wọn. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá tí ajá bá délé ayé ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù láti gba ènìyàn, ẹranko mìíràn àti ìró gẹ́gẹ́ bí apá kan ayé rẹ̀, àti pé ohun tí kò bá mọ̀ lásìkò yìí ni yóò máa bẹ̀rù nígbà tó bá dàgbà. Ìwádìí kan ní 1961 ti kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ ajá tí kò rí ènìyàn rárá títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe bí ẹranko igbó. Ọmọ ajá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé láti kékeré kí ó lè rorò kò kọ́ ìṣọ́ ilé. Ohun tó kọ́ ni pé gbogbo ẹ̀dá tó bá sún mọ́ òun jẹ́ ewu, àti ọmọ olówó rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ bọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sàn jẹ mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Joseph Wolpe, dókítà tí wọ́n bí ní Johannesburg, ṣàkíyèsí ní Yunifásítì Witwatersrand ní àwọn ọdún 1940 pé ológbò tí wọ́n ti fi iná mànàmáná dẹ́rù bà nínú àgò kò jẹ́ jẹun níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ́ ọ ní yàrá tí kò jọ ti ìṣáájú, tí wọ́n sì ń sún mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù náà máa ń yọ lọ. Ìwé rẹ̀ ti 1958 sọ ọ̀nà yìí di ìtọ́jú fún ènìyàn, ní 1974 sì ni David Tuber, David Hothersall àti Victoria Voith ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lò ó fún ajá tó ń bẹ̀rù àrá. A lè pè é ní ìmọ́lára díẹ̀díẹ̀: wọn yóò jẹ́ kí ajá gbọ́ ìró àrá tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ohùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní jáyà, wọn yóò fún un lẹ́ran bí ìró náà ti ń lọ, wọn kò sì ní gbé ohùn sókè títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, nítorí pé ẹni tó bá kánjú yóò dá ẹ̀rù náà padà.

Ní Nàìjíríà, àrùn ni ọ̀rọ̀ ajá ti kọ́kọ́ dé iwájú ìjọba, kì í ṣe ìwà. Ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti wà ní Vom láti 1924, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ogun tó sì pọ̀ jù tí wọ́n ń bá ajá jà nípa rẹ̀ ni dìgbòlugi. Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tó bá ń tún ìwà ajá ṣe, torí pé bí ajá tútù bá ṣàdédé yí padà, tó ń bu igi àti òkúta jẹ, tó ń da itọ́, àìsàn ni, ẹ̀kọ́ kankan kò lè wò ó. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti ìyà, abala 495 òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ayé ìjọba amúnisìn, ka lílu ẹranko ní ìlù ìkà, dídá a lóró àti dídẹ́rù bà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san àádọ́ta náírà. Owó náà ti di ohun yẹ̀yẹ́ lónìí, àmọ́ ó yẹ kí a kíyè sí i pé òfin náà ka dídẹ́rù ba ẹranko mọ́ ìwà ìkà.

Ìyípadà tó kan ajá Tẹ̀dé jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ igbó fúnra rẹ̀. Igbó ọba Upper Ogun tí wọ́n pààlà sí ní 1936 àti ti Ọ̀yọ́ Ilé ní 1941 di igbó ààbò ẹranko ní 1952, wọ́n sì di Old Oyo National Park ní 1991, níbi tí wọ́n ti ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀. Èèwọ̀ náà tọ́, nítorí pé ẹran ìgbẹ́ ń tán lọ, ṣùgbọ́n ajá tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ń lé ẹtu kò mọ̀ pé òfin ti dé. Ohun tó bá ń sá níwájú rẹ̀ ni yóò lé, bó bá sì jẹ́ ewúrẹ́ aládùúgbò, ìjà yóò dé. Lílé yìí kì í ṣe ìbínú, nítorí náà ni pàṣán kì í fi í pa á: ìdùnnú eré náà ti dé ọwọ́ ajá kí ẹgba tó dé, ohun tó sì ń so ẹgba pọ̀ mọ́ ni ẹni tó gbé e dání. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fi okùn gígùn mú un, kí èrè lílé má baà dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n jókòó síbi tí ewúrẹ́ ti jìnnà débi pé ó lè rí wọn kó má sì fò sókè, kí wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ẹran sí i lẹ́nu ní kété tó bá yíjú padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọn yóò sún mọ́ ewúrẹ́ ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, okùn náà kò sì ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi máa sáré padà nítorí fèrè lójú ewúrẹ́ tó ń sá lọ.