Láti orí àrokò dé orí ímeèlì àṣìṣe

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fóònù mi lọ sí Otigba, n'Íkẹjà, fún àtúnṣe. Ilé ìgbé ló pọ̀ ládùúgbò yẹn tẹ́lẹ̀ kó tó di Computer Village. Fóònù ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ń dún ṣáá, kò wò ó. Mo ní ṣé kò sí o. Ó ní, "Kò sí, Bàbá. Àwa kan la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́. Bí ẹnì kan bá ti rí àṣìṣe níbẹ̀, ímeèlì á dé. Wọ́n ti pọ̀ jù, mi ò kà wọ́n mọ́."

Àrokò ló sọ sí mi lọ́kàn. Láyé àtijọ́, ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ. Mẹ́jọ, pé èrò yín jọra. Ohùn ẹ̀fà àti ẹ̀jọ ló gbé ìtumọ̀ wọn. Ẹnì kan ló ni àrokò, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń retí èsì òun.

Ní 1998, Netscape ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ orúkọ Mozilla, Terry Weissman sì kọ Bugzilla láti máa gba ìròyìn àṣìṣe. Ímeèlì ń lọ bá ẹni tó rí àṣìṣe, ẹni tí iṣẹ́ já lé lọ́wọ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n máa fi tó òun náà létí. Ibẹ̀ ni àrokò ti di ti ọ̀pọ̀ èèyàn: kálukú ń rò pé ẹnìkejì ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá. Kóòdù YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sùn dá sílẹ̀, wà ní gbangba lórí GitHub. Nínú Unicode, ẹ dá dúró bíi lẹ́tà kan, àmọ́ ẹ́ kò ní ààyè tirẹ̀. Ńṣe la ń so àmì ohùn mọ́ ọn. Ètò tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè já àmì náà sílẹ̀, kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wá di ọ̀kan náà. Bí ìròyìn irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá sọnù sínú ọgọ́rùn-ún ímeèlì, ta ni yóò tún un ṣe?

Mo ní kó má ṣọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. GitHub gbà kéèyàn yan kìkì èyí tó dárúkọ rẹ̀ tàbí tó ti dá sí. Kí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnì kan tó ni ín.

Nígbà tí mo padà lọ gba fóònù mi, ó ti rí ọ̀kan tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù méje. Àmì ohùn tó ń já ni. Ó ti kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i.