Tí Omi Bá Ya Wọ Àdúgbò, Ta Ló Ni Ètò Ìrànlọ́wọ́?

Ètò ìrànlọ́wọ́ àdúgbò ni èyí tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀ fúnra wọn láti dóòlà ẹ̀mí nígbà àjálù, kí ọkọ̀ ìjọba tàbí ti àjọ aláàánú tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ín gan-an, ẹ má wo orúkọ tó wà lára pátákó. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ orúkọ sínú ìwé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń jíyìn owó. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń gbé nílùú onílùú ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ wo Maiduguri. Mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau tó wà lórí odò Ngadda ya, omi sì bo apá tó pọ̀ nínú ìlú, títí kan ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní 400,000. Dáàmù yìí kan náà ti ya rí lọ́dún 1994, ẹni tó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ibi tí omi gbà lọ́jọ́ náà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọ́fíìsì Àbújá. Lọ́dọọdún ni àjọ NIHSA ń kéde àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọgbà tí ìyá arúgbó tí kò lè rìn wà.

Ní Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger, òjò òru ló fa tiwọn lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn tó kú sì ju 150 lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní wákàtí àkọ́kọ́, aládùúgbò ẹni ni NEMA ẹni.

Òfin ọdún 1999 ló dá NEMA sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní SEMA, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ pàjáwìrì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló sún mọ́ wa jù, òun náà ni kò lówó lọ́wọ́ jù. Níbi púpọ̀, orúkọ lásán ni. Lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Lọ́dún 2016 ní Istanbul, àwọn olówó ìrànlọ́wọ́ ṣèlérí pé ìdá 25 nínú 100 owó wọn yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé títí di 2020. Ọdún náà dé, ó kọjá, ìlérí ò ṣẹ.

Ibi tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ìwé orúkọ. Bulama ní Borno, Mai Unguwa níbòmíràn, ló sábà máa ń jẹ́rìí ẹni tí omi lé nílé. Ayálégbé tó jẹ́ pé ìpàdé ẹgbẹ́ wa nìkan ló ń lọ, tí kì í bá wọn kó gọ́tà, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ojúsàájú wà o, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, wọn ò mọ̀ wá ni. Nínú ààrò, ẹni tí kò bá wọn ro oko kò lè retí pé kí wọ́n wá ro tiẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan sínú ìgbìmọ̀ àdúgbò, kí wọ́n sì máa dá owó sí àpótí àdúgbò, kì í ṣe sí ti ẹgbẹ́ nìkan. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kí ó jẹ́ méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ onílé, ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò. Ẹ kọ ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè sínú ìwé gidi, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ. Tí àjọ kan bá ti ìta dé, ìwé yìí ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìwé ẹgbẹ́ tiwa ṣì ní iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn kò lè bá wa ṣe. Mokwa jẹ́ ìlú ọjà tí oníṣòwò láti ìsàlẹ̀ ń wọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bómi lọ, ta ló mọ ilé rẹ̀? Kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà mọ̀lẹ́bí kan nílé síwájú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù Kẹta ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.