Aró Èlú àti Ẹjọ́ Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lónìí a ń gbọ́ pé àwọn ènìyàn òkè òkun ń wá aṣọ tí a fi òwú hun, tí a fi àwọ̀ ewé pa láró, tí kò ba omi jẹ́, tí kò sì rẹ́ ẹni tí ó ṣe é jẹ. Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. A ti ro irú ẹjọ́ yìí rí ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn. Ìdí tí mo fi gbé e yẹ̀wò ni pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fẹ́ kí èlú padà sí ọjà Ìtòkú kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, obìnrin ni ó ń ran òwú, òun náà ni ó sì ń hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé nàró ti ògiri. Ọkùnrin ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀. Ọwọ́ obìnrin aláró ni aṣọ ti ń gba àwọ̀. Ní àwọn ọdún 1850, àwọn ìjọ CMS àti Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, fi ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní bí òwò òwú bá gbilẹ̀, òwò ẹrú yóò kú. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ láti 1861 di 1865, owó òwú ga sókè gidigidi. Òwú bá odò Ògùn lọ sí Èkó, aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bá odò kan náà bọ̀. Aṣọ náà fẹ̀, ó fẹ́lẹ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni òfì kíjìpá ń dákẹ́ nínú agboolé.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò káwọ́ gbera. Aṣọ àlejò yìí gan-an ni wọ́n sọ di àdìrẹ. Wọ́n fi ìko di í, wọ́n sì ń pè é ní àdìrẹ oníko. Wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, wọ́n sì ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń wá ra àdìrẹ Abẹ́òkúta.

Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. A óò já ewé èlú tútù, a óò gún un nínú odó, a óò ṣù ú, a óò sì sá a kí ó gbẹ. A óò jó igi di eérú, a óò sì sẹ́ omi rẹ̀ nínú ìkòkò tí a dá lu nídìí. Èlú àti omi eérú yóò wà pọ̀ nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó dé. Bí a bá rì aṣọ bọ̀ ọ́ tí a sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ hàn. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dúdú dáradára yóò rì í, yóò sá a, yóò tún rì í lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà tí ń gbin ewé aró ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́ lápá. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta, pẹ̀lú sódà ajónilára tí àwọn aṣeọṣẹ mọ̀ dunjú, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn 1929, ọ̀dá owó mú gbogbo ayé. Owó kòkó já wálẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń wá aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ta ni yóò wá dúró ti ìkòkò eérú?

Ìráhùn pọ̀ pé àdìrẹ ń ṣá, pé sódà tí a kò wọ̀n bó ti yẹ ń jẹ aṣọ. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Ọ̀pọ̀ aláró kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba agbẹjọ́rò, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí. Ní 1937 a mú òfin náà kúrò.

Ta ni ó jàre? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọba tí ó gbọ́ pé orúkọ rere ìlú òun ń bàjẹ́ lọ́jà kò ṣàṣejù bí ó bá sọ̀rọ̀. Aṣọ tí ó fà ya lẹ́yìn fífọ̀ díẹ̀ ti rẹ́ ẹni tí ó rà á jẹ. Ṣùgbọ́n òfin lè de sódà, kò lè mú kí èlú pọ̀ lóko, kò sì lè san owó ọjọ́ tí aláró fi dúró ti ìkòkò. Gbogbo ẹrù ìwà mímọ́ iṣẹ́ náà, orí obìnrin aláró nìkan ni ó gbé e kà, lásìkò tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ gan-an kò dájú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òfin náà ti kọsẹ̀.

Ẹni tí ó bá dé Ìtòkú lónìí yóò rí i pé ẹjọ́ náà kò tíì parí. Kámpálà tí a fi àbẹ́là yíyọ́ àti kẹ́míkà ṣe ni ó kún ọjà. Sódà ṣì ń jó ọwọ́ aláró tí kò wọ ìbọ̀wọ́, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó ń jẹ́ orúkọ àdìrẹ, owó rẹ̀ sì kéré. Síbẹ̀, èlú kò tíì parun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Òṣogbo, Nike Davies-Okundaye ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti aró èlú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a bá ń yin èlú, kí a rántí obìnrin 1936. Kì í ṣe pé ó kórìíra iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ náà ni. Bí a bá fẹ́ kí ìkòkò aró tún máa hó ní Ìtòkú, kí àwa tí a óò ró aṣọ náà kọ́kọ́ tú àpò wa.