ÌTÀN BÍ A TI MỌ ÌWỌ̀N INÁ MÀNÀMÁNÁ

Àwa tí ń gbé Aládé, lábẹ́ òkè Ìdànrè, mọ̀ dájú pé omi tí ó ti orí àpáta gíga wá a máa fi ipá ṣàn ju èyí tí ó ti orí òkìtì kékeré wá lọ. A mọ̀ pẹ̀lú pé bí ojú ọ̀nà omi bá há, omi tí yóò gba ibẹ̀ kọjá kò lè pọ̀. Bí ó ti rí fún omi, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún iná mànàmáná nínú wáyà. Ohun mẹ́ta ni ó ń bẹ níbẹ̀: ipá tí ń ti iná síwájú, èyí tí à ń fi fólítì wọ̀n, ìṣàn iná náà, èyí tí à ń fi áḿpíà wọ̀n, àti ìdènà tí wáyà ń ṣe sí i, èyí tí à ń fi óòmù wọ̀n. Bí ọmọ ènìyàn ti mọ ìbátan àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ, nítorí ó kan àpò wa, ó sì kan òrùlé wa.

Ní ọdún 1800, Alessandro Volta, ará Ítálì, to irin oríṣi méjì léra wọn, ó fi ohun tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn, iná sì ń ṣàn jáde láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún 1820, Hans Christian Oersted, ará Denmark, rí i pé wáyà tí iná ń kọjá nínú rẹ̀ a máa yí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì padà. Láti ìgbà náà wá ni a ti lè mọ̀ bóyá ìṣàn pọ̀ tàbí ó kéré.

Ẹni tí ó wá rí òfin ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọlọ́lá. Georg Simon Ohm ni orúkọ rẹ̀, a sì bí i ní ìlú Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1789. Ẹni tí ń ṣe àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni baba rẹ̀, òun ni ó sì kọ́ ọ ní ìṣirò. Olùkọ́ ni Ohm ní ìlú Cologne láti ọdún 1817. Ó mú àwọn wáyà bàbà tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ó fi iná kan náà gba inú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí iná náà má bàa máa pọ̀ kí ó sì tún máa dín kù, ó so bàbà pọ̀ mọ́ irin tí à ń pè ní bismuth, ó fi oríkèé kan sínú omi híhó, ó fi èkejì sínú yìnyín. Ó rí i pé bí wáyà ti ń gùn sí i ni ìṣàn ń dín kù. Ní ọdún 1827 ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde: ẹ pín ipá fún ìṣàn, ẹ ó rí ìdènà.

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò ka ìwé náà sí, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀. Ọdún 1841 ni ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ó kú ní ọdún 1854. Ní ọdún 1881, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ iná ní Paris, a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n ìdènà.

Nípa ti agbára, James Joule, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1841 pé bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì nínú wáyà kan, ooru rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ipá ní ìlọ́po ìṣàn ni agbára, wáàtì sì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ipá iná ilé bá jẹ́ 230 fólítì, tí áyọ́ọ̀nù sì ń gba 5 áḿpíà, ìdènà rẹ̀ jẹ́ 46 óòmù, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 1,150 wáàtì. Bí a bá lò ó fún wákàtí méjì, mítà yóò ka 2.3 yúníìtì. Ṣùgbọ́n bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì di 115 fólítì, ìṣàn yóò di 2.5 áḿpíà, agbára yóò sì di 287.5 wáàtì péré. Ipá di ìdajì, ooru di ìdámẹ́rin. Ìdí nìyí tí aṣọ kì í fi í nà nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n bí ẹyin iná.

Ní ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ pèsè iná mànàmáná ní Èkó. Ní ọdún 1950 a dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Ní ọdún 1968 iná bẹ̀rẹ̀ sí ti Kainji wá, lórí odò Ọya. Ọ̀nà jíjìn ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń rìn. Bí a bá sọ ipá rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, ìṣàn tí ó gbé agbára kan náà yóò di ìdámẹ́wàá, òfò inú wáyà yóò sì di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni àwọn wáyà ńlá ilẹ̀ wa fi ń gbé 330,000 fólítì, kí àwọn tiransifọ́mà tó sọ ọ́ di kékeré fún ilé wa.

Òfin kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí òpó àdúgbò. Bí ilé kan bá jìnnà sí tiransifọ́mà, tí ìdènà wáyà rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 2 óòmù, tí ìṣàn sì jẹ́ 10 áḿpíà, 20 fólítì ti sọnù lójú ọ̀nà, 200 wáàtì sì ti di ooru nínú wáyà. Bí wáyà bá sì tínrín sí i, ìdènà rẹ̀ a pọ̀ sí i, ooru a sì pọ̀ sí i, títí ara wáyà yóò fi yọ́ tí iná yóò sì ran òrùlé. Fíùsì ni a ṣe kí ó lè tètè yọ́ ṣáájú wáyà ilé. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò tí ó fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀ ti lé olùṣọ́ ilé rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó ra wáyà, ẹ wo wáàtì tí a kọ sí ara ohun èlò yín, kí ẹ sì pín in fún 230. Ìgò omi híhó oníná tí ó jẹ́ 2,300 wáàtì yóò gba 10 áḿpíà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta wáyà iye áḿpíà tí wáyà rẹ̀ lè gbé; bí kò bá tó, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó dínwó tó. Ìṣirò tí ọmọ alágbẹ̀dẹ àgádágodo jìyà lé lórí kò ju ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lè ṣe lọ.