Ọjà Wọ́n, Ọjà Ò Tà: Ẹ̀kọ́ Ọdún 2008 Fún Ẹni Tó Ń Wo Owó Ṣíà

Bí a bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, ohun tí a máa ń sọ fún ìyá tó pàtẹ ni pé, "Ajé á wá o, ọjà á tà o!" Kò sẹ́ni tó ń kí ọlọ́jà pé, "Ọjà yín á wọ́n o." Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé wíwọ́n ọjà ọ̀tọ̀, títà rẹ̀ ọ̀tọ̀. Iye tí a pè é ló ń sọ bó ṣe wọ́n. Iye tó kúrò lórí àtẹ ló ń sọ bó ṣe tà. Aṣọ lè wọ́n kó má tà, ó sì lè tà wàràwàrà kó má wọ́n rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ka ìtàn kan tó kan ilé ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà tí a ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi: bí ọjà ṣíà Nàìjíríà ṣe wó ní 2008.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Wọ́n dá Lagos Stock Exchange sílẹ̀ ní 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961 pẹ̀lú ohun 19 péré tí ènìyàn lè rà. Ní oṣù kẹjọ 1961, gbogbo òwò tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí £80,500. Ní oṣù kẹsàn-án ó di nǹkan bí £250,000, ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1977, nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ olórí ìjọba ológun, ọjà náà di Nigerian Stock Exchange. Ọdún yẹn kan náà ni òfin kejì jáde tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta nínú ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà. West African Portland Cement, tó ń fọ́ òkúta sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ ọjà náà ní 1979. Báyìí ni olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ṣe lè ní ìpín tirẹ̀ nínú òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Àmọ́ títà ò yá nígbà náà. Wọ́n á máa pe orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbọ̀ngàn ọjà, àwọn alágbàtà á sì máa dáhùn. Ìwé ni ẹ̀rí ṣíà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1997 ni CSCS bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ṣíà sínú kọ̀ǹpútà. Ní 1999, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ìpè náà pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ṣíà ti lè yí ọwọ́ kíákíá.

Ní oṣù keje 2004, Chukwuma Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ sọ pé kí owó ìdúró báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù ₦2, kó di bílíọ̀nù ₦25 kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Kí wọ́n lè rí owó náà, wọ́n gbé ṣíà wá síta fún gbogbo ènìyàn. Fọ́ọ̀mù wà lórí káńtà báńkì, tíṣà ń kọ ọ́, ìyá ọlọ́jà ń kọ ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì náà ń kọ ọ́. Owó ṣíà ń gòkè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà náà dé 66,371. Gbogbo ṣíà inú ọjà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù ₦12.6.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìparí 2008 bá òǹkà náà ní 31,450. Ìparí 2009 bá a ní 20,827.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ "wọ́n" àti "tà" ti wúlò jù. Lábẹ́ òfin ọjà nígbà náà, owó ṣíà kò gbọdọ̀ gòkè tàbí wálẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ lóòjọ́. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2008, àwọn aláṣẹ ọjà dín ti ìwálẹ̀ kù sí ìdá 1, wọ́n fi ti ìgòkè sílẹ̀ ní 5. Èrò wọn ni pé ẹ̀rù á dín kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ṣíà tó jẹ́ ₦100, bó bá ń já ìdá 5 lóòjọ́, ọjọ́ 6 ni yóò fi dé nǹkan bí ₦74. Bó bá ń já ìdá 1, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ òwò. Ẹni tó mọ̀ pé ₦74 ni ọjà náà ń lọ, kí ló máa rà á ní ₦99 fún? Kò ní rà á. Nítorí náà àwọn tó fẹ́ tà tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ẹni tó ń wo àwòrán owó nìkan á rò pé ọjà rọra ń wálẹ̀ ni. Ẹni tó wo iye ṣíà tó yí ọwọ́ á rí i pé ọjà ti dákú. Owó wà lára ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná. Ẹni tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ kò rí ẹni tà á fún. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n dá ìdíwọ̀n náà padà sí 5.

Kíka iye títà pọ̀ mọ́ owó kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Charles Dow, tó wà lára àwọn tó dá Wall Street Journal sílẹ̀ ní 1889, ti ń wo àwọn méjèèjì pọ̀. Ní 1963, Joseph Granville sọ ọ́ di ìṣirò: lọ́jọ́ tí owó bá gòkè, fi iye tó tà kún òǹkà rẹ, lọ́jọ́ tó bá wálẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Bí a bá sọ ọ́ lédè ọjà, bí owó bá gòkè tí títà sì pọ̀, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọjà náà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gòkè tí títà sì kéré, ẹnu àwọn díẹ̀ ni, ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Bí owó bá wálẹ̀ tí títà pọ̀, ọ̀pọ̀ ń sá. Bó bá wálẹ̀ tí nǹkan kan ò tà, ẹni tó fẹ́ sá ò rí ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n títà náà lè tan ni. Ní oṣù kejì 2010, Sanusi Lamido Sanusi, tó rọ́pò Soludo, sọ ní Yunifásítì Bayero, Kánò, pé àwọn báńkì kan yá ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà àwọn báńkì náà gan-an. Ó túmọ̀ sí pé lára títà tí gbogbo ayé ń rí, ọlọ́jà ló ń fún oníbàárà lówó láti wá rajà lọ́wọ́ òun. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti béèrè pé, "Èló ló tà?" Ó yẹ ká béèrè pé, "Ta ló rà á, owó ta ni?"

Iye tó wà lórí àtẹ náà ṣe pàtàkì. Ní ìparí 2024, Holcim kéde pé òun máa ta ìdá 83.81 nínú 100 tí òun ní nínú Lafarge Africa, tí í ṣe WAPCO àtijọ́, fún Huaxin ti Ṣáínà. Nínú ṣíà 100, bíi 16 ló kù sọ́wọ́ gbogbo àwa yòókù. Àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ló ń pinnu owó tí a ń rí lójoojúmọ́. Àwọn aláṣẹ ọjà pàápàá mọ èyí: ní 2018 wọ́n ṣe òfin pé fún ṣíà tí kò tó ₦5, ó di ìgbà tí 100,000 bá yí ọwọ́ kí owó rẹ̀ tó lè yí padà.

Ọdún 2023 ni òǹkà ọjà tó kọjá 66,371 ti 2008, lẹ́yìn ọdún 15. Dọ́là kan kò tó ₦120 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Nígbà tí 2023 parí, ó ti lé ní ₦900. Nítorí náà, ẹni tí òǹkà dá owó rẹ̀ padà fún kò tíì rí ohun tí owó náà lè rà gbà padà.

Lónìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ra ṣíà. Ìlà tó ń gòkè lójú fóònù dùn ún wò, ṣùgbọ́n iye tó tà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú àwọn òpó kéékèèké tí a máa ń fojú fò. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ìyá wa ní Ìtòkú ò ka ìwé Granville, síbẹ̀ wọn kì í ka iye tí wọ́n pe ọjà mọ́ èrè. Ìgbà tí ọjà bá tà ni wọ́n máa ń ka owó.