Kòkòrò Tí Ń Jẹ Kòkòrò: Ìtàn Àbùdá Ìran Wọn

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1888, kòkòrò 28 gúnlẹ̀ sí Los Angeles láti Australia. Rodolia cardinalis lorúkọ wọn: pupa ni wọ́n, àmì dúdú wà lẹ́yìn wọn, wọn kò sì tó hóró ẹ̀wà kan. Albert Koebele, onímọ̀ nípa kòkòrò, ló fi wọ́n ránṣẹ́ kí wọ́n lè máa jẹ Icerya purchasi, kòkòrò tí ń fa omi ara igi mu, tó ń fi nǹkan funfun bí òwú bo ẹyin rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run ọgbà ọsàn California tán. Ọ̀wọ́ méjì mìíràn tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, gbogbo wọn wá di 129. Wọ́n fi àgọ́ aṣọ bo igi ọsàn kan tí Icerya ti gbà, wọ́n sì tú wọn sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹfà 1889 fi pé, wọ́n ti pín 10,555 nínú àtọmọdọ́mọ wọn fún olóko 208.

Láti ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń gbà lára wọn, bí ẹni wá iná lọ sílé aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ló ká mi lára. Bí ìran bá ti ara ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni yóò máa gun ara wọn, àléébù tó fara pamọ́ sára baba àti ìyá á sì pàdé lára ọmọ. Ẹyin lè má pa, ọmọ lè pẹ́ kó tó dàgbà. Bí ojú ọjọ́ bá sì yí padà, ó lè má sí ẹyọ kan nínú wọn tí àbùdá rẹ̀ yàtọ̀ tó láti fara dà á.

Kòkòrò mìíràn tí òun náà ń jẹ kòkòrò, Harmonia axyridis, ló là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1916 ni wọ́n ti ń gbé e wá sí Amẹ́ríkà láti Éṣíà, tí kò rídìí jókòó. Ọdún 1988 ni wọ́n tó rí i pé ó ti ń dá gbé ní Louisiana. Lẹ́yìn náà kò ṣeé dá dúró mọ́. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni àwọn tó dé Gúúsù Amẹ́ríkà àti South Africa ti ṣẹ̀ wá. Ní 2011, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Benoit Facon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ìyá kan náà gun ara wọn. Àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ baba wọn ní Éṣíà jìyà rẹ̀. Àwọn tó ti tàn kálé ayé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Iye wọn tó dín kù lójú ọ̀nà ti fẹ́ àléébù dànù bí ìyàngbò. Ìyẹn kò ní kí a máa kó ìwọ̀nba díẹ̀ kiri o: bí wọ́n bá kéré jù, àléébù gan-an ni gbogbo ọmọ yóò jogún.

Nílé tiwa náà, agbọ́n tíńtín kan, Anagyrus lopezi, ló gba pákí là. Kì í ṣe apẹranjẹ gan-an: inú kòkòrò funfun tí ń ba pákí jẹ́ ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Paraguay ni wọ́n ti rí i. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tú u sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1981. Nígbà tí kòkòrò funfun náà wọ oko Thailand, 500 péré ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti Benin ní 2009, àwọn yẹn ni wọ́n sì sìn di púpọ̀, tí wọ́n tú sóko.