Trinidad Tàbí Jamaica?
Ọmọ Èjìgbò tí ó ń ṣòwò ní Adjamé Roxy, ní Abidjan, lè wálé nígbà ìsinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sí Freetown. Nígbà tí àwọn ẹrú Trinidad àti Jamaica gba òmìnira pátápátá ní 1838, àwọn olóko ìrèké ń wá alágbàṣe. Láti 1841, ọkọ̀ ń kó ènìyàn lọ láti Freetown. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣojú lọ wo ibẹ̀, ó padà wá ròyìn. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ ẹrú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àyè láti yàn. Síbẹ̀, a ṣì ń bọ Ṣàngó ní Trinidad, abúlé kan sì ń jẹ́ Abẹ́òkúta ní Jamaica. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.